Ilé Oúnjẹ Tí Wọ́n Ti Ń Fi Òsì Jẹun

Bí kúùkù tó ni ilé oúnjẹ náà ṣe ki fọ́ọ̀kì bọ Ọdẹ́bọ̀dé ọdẹ lọ́wọ́ òsì, ńṣe ni bàbá náà fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn láwọn ilé oúnjẹ ńlá tó wà ní Màsélì nílẹ̀ Faransé, Bàbá. Ọ̀bẹ lọ́tùn-ún, fọ́ọ̀kì lósì."

"Ní Ṣakí níbí, òkú nìkan la mọ̀ tó ń fi òsì jẹun." Ọdẹ́bọ̀dé bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá ku kúùkù, aṣọ tábìlì tó funfun débi pé lékeléke ń wólẹ̀ kí i, àti ẹja tí òórùn rẹ̀ ta dé Ìwéré-Ilé. Láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀ òkun kúrò ní Màsélì lákòókò ogun Jámánì, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀. Bí ọ̀sán yìí bá tún lọ lófo, yóò pa ilé náà tì.

Àlejò kan wọlé. Omi ń ro lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ti fa Ṣakí gbẹ dé egungun. Ó fi òsì mú fọ́ọ̀kì, ó sì jẹ ẹja náà tán.

Inú kúùkù dùn bíi kó forí lu òrùlé. "Ọ̀gá, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Èmi Adéwùmí ni, tí mo ń bá ọ fọ àwo ní Màsélì."

Kúùkù dì mọ́ ọn. "Ìgbà wo lo gúnlẹ̀?"

"Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀. Kò gúnlẹ̀. Gbogbo wa ló bá a rì."

Kúùkù rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti nu omi tó ń ro lára àlejò, ìgbà náà ló rí i pé omi ń ro lára ṣòkòtò tòun náà.