Àwo Ìbídùn

Nígbà tí Ìbídùn ń lọ ṣeré nínú sinimá tó ń sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi Jìnádù dúró ní Màrínà, mo fi ẹnu fẹ́ ọkọ̀ òkun rẹ̀ títí ó fi gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nínú gbogbo sinimá rẹ̀, àwo fàdákà ni àwọn òyìnbó máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó sọ èdè ìlú rẹ̀, wọn kò sì mọ ohun tó ń sọ: “Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n relé.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn!” Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún Bàbá Sìlífà tó ń yí ẹ̀rọ sinimá, nígbà tí òǹwòran ti tú ká lálẹ́ ọjọ́ kan tó fi ọ̀kan nínú sinimá náà hàn.

“Jìnádù, irọ́ rẹ lẹ́sẹ̀ ju ọ̀kùn lọ.”

Bàbá ká fíìmù sínú agolo, ó paná. Bí a ṣe ń jáde, a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ níwájú aṣọ funfun tí sinimá máa ń hàn lára rẹ̀.

“Ó rẹ̀ mí.” Ohùn Ìbídùn inú sinimá gan-an ni.

“Bàbá, ṣé ẹ tún tan ẹ̀rọ ni?”

“Fíìmù ló wà lábíyá mi yìí.”

Ohùn náà sún mọ́ wa. “Ta ló ní òun kọ́ mi?”

Bàbá nawọ́ sí mi. “Òun nìyí, mà.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣeun, tíṣà. Ẹ wá gba àwo yìí lọ́wọ́ mi, kí n lè relé.”

Ohun tútù kan kàn mí níka. Mo ti dé Èbúté Mẹ́ta kí ara mi tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti lọ.