Àyọkà Ìkẹyìn

Alhaji Mùsbáù, tó ń ta táyà alùpùpù ní àdúgbò Tishigu, sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun méjèèjì lè ṣe ìdánwò ìrìn-àjò òkè òkun náà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnì kan ni Ọlọ́run máa mú lọ, Sherifatu ni, nítorí ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ jáde nílé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Zulfah wí. Kò gbójú kúrò lára àwo ọkà túó iwájú rẹ̀.

Kíláàsì kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí ìyá wọn kú, Sherifatu ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, kí ilé-ìwé Zulfah má baà dúró. Ìgbà tó fi máa padà, àbúrò ti lé e bá. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbàgbé.

Ilé-iṣẹ́ kan láti Accra ló gbé ìdánwò náà wá. Wọ́n ní àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ àwọn olówó ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Lárúbáwá. Ọ̀gá Seth, ọkùnrin oníwà tútù tó ṣojú wọn, ṣàlàyé pé àwọn kì í mú ẹni méjì nínú ilé kan, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní í san kọ́bọ̀. Ó gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo wọn sọ́wọ́. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá jáde yóò gba tirẹ̀ padà.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, Zulfah á jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á máa bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà tí kì í dúró sí Sherifatu lórí, ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń lò fún kí á gba ohun olóhun kí á sì dì í mú. Zulfah fa bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ lẹ́sẹ̀, ó jókòó lé e.

"Àǹtí mi, kí ni mo ń ṣe yìí?"

"Olè lò ń jà," ni Sherifatu wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọkàn Zulfah ń fẹ́ ìrìn-àjò náà. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá fi gbogbo agbára ṣe é, òun ni wọn yóò mú. Ó ti pinnu kí ọjọ́ ìdánwò tó dé pé òun yóò fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, eruku sì bo tábìlì gbogbo. Àwọn àyọkà àkọ́kọ́ rọrùn. Èyí tó gbẹ̀yìn ló le bí òfin: òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ títí àdéhùn yóò fi parí, wọ́n ń yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, bó bá sì jáde láìgbàṣẹ, ọlọ́pàá ni yóò mú un. Ìbéèrè náà ni pé ṣé òṣìṣẹ́ yìí lómìnira láti lọ nígbà tó bá wù ú.

Zulfah kò tíì kà á tán tó ti mọ ìdáhùn. Ó fàmì sí "bẹ́ẹ̀ ni", bó ti ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi àwọn tó kù. Ọ̀gá Seth ń gba àárín wọn kọjá. Bó bá gbé ìwé ẹnì kan, ojú ewé ìkẹyìn ló máa ń ṣí.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n yà mu tíì lọ́dọ̀ máíṣáyì ẹnu géètì. Ànwár, ọmọ kíláàsì wọn tó ń fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún tó ti wọlé, ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

"Wallahi, òṣìṣẹ́ yẹn lómìnira. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n fún un nílé. Èmi tí mò ń sá fún onílé ní Gumani ńkọ́?"

Àwọn kan gbè é lẹ́yìn. Àwọn tó kù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ti Sherifatu ló sì pọ̀ jù.

"Ànwár, ẹni tí wọ́n di pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ta ni yóò fi rìn?"

Zulfah kò dá sí i. Inú rẹ̀ dùn pé ó yé ẹ̀gbọ́n òun.

Nígbà tí orúkọ jáde, orúkọ Zulfah wà níbẹ̀. Ti Ànwár wà níbẹ̀. Ti Sherifatu kò sí.

Zulfah sáré lọ bá Ọ̀gá Seth pé àṣìṣe ti wà, pé ẹ̀gbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n jù. Ọkùnrin náà fa ìwé Sherifatu yọ, ó wo ojú ewé ìkẹyìn rẹ̀, ó dá a padà. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan. Nígbà tí Alhaji gbọ́, ó ní ohun tí Ọlọ́run bá kọ, ẹ̀dá kò lè pa á rẹ́.

Sherifatu kò bá Zulfah sọ̀rọ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "O kúkú lè sọ pé o fẹ́ ẹ. Ǹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ." Zulfah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni, kí ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi gbogbo agbára ṣe é tí kò yege?

Ní gáréèjì, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Ọ̀gá Seth ká ìwé àdéhùn dáadáa, tó fi jẹ́ pé ibi ìfọwọ́sí nìkan ló hàn. Alhaji ní kí Zulfah má fi àwọn èèyàn dúró. Ó fọwọ́ sí i. Sherifatu dé nígbà tí wọ́n ti ṣáná sí ọkọ̀, ó na kúlíkúlí tó dì sínú ọ̀rá sí i lójú fèrèsé, ó ní kó máa pe òun.

Wọ́n ti kọjá afárá Buipe kí Ọ̀gá Seth tó pín ẹ̀dà ìwé náà fún olúkúlùkù. Àwọn tó kù ti tiwọn bọ àpò, wọ́n padà sùn. Zulfah ṣí tirẹ̀.

Kò kà á dé ìdajì tó fi rí i pé òun ti kà á rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, àfi pé níbi tí wọ́n kọ "òṣìṣẹ́" sí nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn, Ànwár ń hanrun, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú ọkọ̀ náà lára àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ máíṣáyì.