Agogo Iná Ilé Iṣẹ́ Fóòmù

“Ọdún tó kọjá ni wọ́n yẹ ibí wò! Kí lo tún ń wá?” Ọ̀gá ilé iṣẹ́ fóòmù ju ìwé àyẹ̀wò ewu iná sórí tábìlì.

Obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò wo yàrá náà yíká. Ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè.

“Ọ̀gá, yàrá yìí ò sí nínú ìwé yẹn.”

“Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kọ́ ọ. Ariwo àwọn òṣìṣẹ́ aláìmoore yẹn ti sú mi. Ní báyìí, bí wọ́n bá ké títí ọ̀run fi ya, mi ò ní gbọ́.”

“Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò nígbà náà.”

“Alátojúbọ̀! Bọ́ síta!”

Ó bọ́ síta lóòótọ́. Ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tẹ agogo iná tó wà lára ògiri. Agogo han gooro. Àwọn òṣìṣẹ́ ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n tú yáyá sí àgbàlá. Wọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni.

Láti ìta, wọ́n ń rí ọ̀gá wọn lójú fèrèsé. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

“Ṣé gbogbo yín pé?” obìnrin náà béèrè.

Fọ́máànù wọn, tí ọ̀gá gbá létí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo fèrèsé, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ojú kúrò lójú fèrèsé.

“A pé,” ló wí.