Owó Ìjókòó Òfo

Èmi tí mo jókòó síbí yìí, n kò mọ ohunkóhun nípa òwò ṣíṣe. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń di olówó. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ̀yin ni ǹ bá máa bá sọ̀rọ̀? Ìtàn Bọ́látitó onídìrí nìkan ni mo mọ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ọ.

Ìkirè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́: bó bá di ṣùkú fún ọ, ọ̀tá rẹ pàápàá á yọjú wò ó. Àlébù kan ṣoṣo ló ní. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí òun jàre. Bí a bá gbé ẹran àti àre síwájú rẹ̀, àre ni yóò mú.

Àwọn tó máa ń bí i nínú ni àwọn oníbàárà tó ń ní kó fi ààyè sílẹ̀ de àwọn, tí wọn kì í wá. Á dá ẹlòmíràn padà nítorí wọn, á wá jókòó máa wo àga. Ìwà burúkú ni, mi ò ní gbè wọ́n. Ló bá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri: ẸNI TÓ BÁ GBA ÀÀYÈ TÍ KÒ WÁ YÓÒ SAN OWÓ ÌJÓKÒÓ ÒFO. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó gbà á lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀, gbogbo àdúgbò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo aago. "Òfin ni òfin," Bọ́látitó á wí, á sì máa mi orí bí adájọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Fadérera, aboyún àdúgbò, gba ààyè. Ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin wa kì í fẹ́ lọ bímọ pẹ̀lú orí játijàti. Wọ́n á ti dirun sílẹ̀, kó lè bá wọn dé ọjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò tíì ka ohun tó wà lára ògiri. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ dirun gan-an ló yàn láti wáyé.

Ọjọ́ ìkómọ pé, wọ́n sì pe Bọ́látitó. Bó ṣe rí i pé gèlè ni ìyá ìkókó fi bo irun tí kò dì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó rọra sọ sí i létí pé:

"Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Owó ìjókòó òfo wa ńkọ́?"

"Àǹtí Bọ́lá! Mo ń rọbí lọ́wọ́ ni o!"

"Mo gbọ́. Ṣé fóònù yín náà ń rọbí ni?"

Ẹnu ya Fadérera. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó ọmọ jáde ná."

Lásìkò yẹn, àwo omi ń lọ yíká. Ẹbí ń fi owó sínú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwo dé ọ̀dọ̀ Bọ́látitó, ó rò ó pé owó Fadérera náà kúkú ni, bí òun bá mú ẹ̀tọ́ òun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ló bá tọwọ́ bọ omi, ó mú iye tirẹ̀, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù.

Màmá Olóbì, ìyá ọkọ Fadérera, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹni tó bá fowó sínú omi yìí ló ń fún ọmọ lórúkọ. Ìwọ tó mú un jáde, orúkọ wo lo gbà lọ́wọ́ ọmọ wa?"

"Òfin ni..." Bọ́látitó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá," bàbá kan kígbe látẹ̀yìn. "Ọmọ gan-an ló yẹ kó sanwó. Òun ló kánjú!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n nà án.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn ń pa òfin rẹ̀ mọ́ ni: ẹni tí kò gba ààyè kò lè jẹ owó ìjókòó òfo. Gbogbo àga ṣófo, kò sì sẹ́ni tí yóò bu owó lé. Bọ́látitó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àre rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kó ẹrù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú òòyà, ó gba ilé Fadérera lọ, ó kúnlẹ̀.

"O pẹ́ kó o tó dé," ni Màmá Olóbì wí. "Ṣé ká bu owó lé ìwọ náà ni?" Ṣùgbọ́n ó gbé àwo omi jáde. Bọ́látitó dá owó náà padà sínú rẹ̀, ó pe ọmọ ní Àánúolúwa, ó sì jókòó di ṣùkú fún ìyá ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀dà pupa ṣì wà lára ògiri, àwọn oníbàárà sì ti padà. Ìlà kan ló fi kún un: Ẹ KỌ́KỌ́ SỌ OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ FÚN WA.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ ṣe òfin fún iṣẹ́ yín, kí ẹ sì dúró tì í, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó dá èèyàn dúró kí ẹ tó nawọ́ gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi Bọ́látitó rẹ́rìn-ín yìí, ta ni nínú yín tí kò tíì jẹ́ kí ẹnì kan dúró de òun lásán rí?