Igbá Ẹmu Inú Ahoro

Ọjọ́ kan gbáko ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà fi pẹ́ kó tó wọ fóònù Àrínpé: "Ẹ má ṣe wá lọ́la o. Bàbá Fátókí tó ń mú àlejò wo ahoro ti kú."

Àárín ahoro ló ti kà á. Bàbá Fátókí jókòó níwájú rẹ̀, ó ń bu ẹmu.

"Ṣé ọkọ ló ń wá ọ kiri?"

"Rárá o, Bàbá."

Abájọ tó fi jẹ́ òun nìkan ló wá. Abájọ tí ewé gbígbẹ fi ń dún lẹ́sẹ̀ òun látàárọ̀, tí kì í dún lẹ́sẹ̀ bàbá.

"O ti rí odi, o ti rí ojúbọ. Ó ku ẹmu àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó gbẹ́mu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó o má baà ní mo fi májèlé sí i."

Ó gbé igbá sẹ́nu. Àrínpé ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, igbá ṣì kún dẹ́nu, ìfóòfó rẹ̀ ò yẹ̀.

"Ó kàn ọ́. Bá a bá ti jọ mu ún, o ti di ará ibí nìyẹn."

Àrínpé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì ti igbá náà padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní mu ún. Ilé ni mò ń lọ."