Òkè Lẹ́búlẹ́bú Pákó

Nígbà náà, Bàbá Ẹkúndayọ̀ tó ni ibi ìlagi ní Agége ṣì wà láyé, Oyèníkẹ́ ìyàwó káfíńtà ibẹ̀ náà wà láyé. Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì. Káfíńtà rọ̀ mọ́ apá òyìnbó arúgbó kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kò jẹ́ kó gun òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó tó ga ju òrùlé lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Iná ń jó nínú ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. A kì í tẹ̀ ẹ́."

Òyìnbó ń so pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo gbẹ́ ẹ? Nílé wa nígbà èwe mi, ìrìn lásán ni wọ́n ń fi í rìn lórí yìnyín. Àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà la kọ́kọ́ fi sáré ìje látorí òkè. Dókítà ní mi ò ní pẹ́ kú. Jẹ́ kí n yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Bàbá Fọláhàn, ẹ fi àgbàyà sílẹ̀!" Oyèníkẹ́ ń fi ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Tó bá kú ńkọ́? Èmi tí mo gbẹ́ pákó ni wọ́n máa tì mọ́lé."

Òyìnbó gòkè, ó yọ̀ wálẹ̀ wìì. Pákó gígùn náà gbà á dúró, kò rì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àfi bó ṣe ṣubú láàárín òkè, tó na gbalaja, tí kò mira.

"Mo gbé!" Káfíńtà fi ẹsẹ̀ lásán sáré gòkè lọ gbé e. Òkìtì náà lanu, ó gbé káfíńtà mì, èéfín sọ. Bó ṣe kú lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Òyìnbó ò tíì gbójú sókè. Ẹ̀rín ló ń rín, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Káfíńtà, ṣé o rí mi?"