Oúnjẹ Iwin Abà

"Ẹ má fọwọ́ kan abọ́ yẹn o!" Afinimọ̀nà ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kó àwọn àlejò wọ abà àtijọ́ kan. "Iwin abà ló ni ín. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì oníwàrà tí wọ́n fi bọ́tà lé lórí ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Tó bá bínú, màlúù inú abà ló ń lù pa."

Torgrim, arúgbó kan láàárín àwọn àlejò náà, tó jẹ́ pé oko bàbá rẹ̀ ní agbègbè Setesdal ni wọ́n ti tú abà náà wá síbí, bẹjú wo abọ́. "Bọ́tà rẹ̀ dà?"

"Bàbá, kì í ṣe ìrẹsì gidi, sìmẹ́ńtì la kùn lọ́dà."

"Sìmẹ́ńtì kẹ̀? Ọmọ yìí, ta lẹ rò pé ẹ ń tàn?" Ó yára jáde sínú yìnyín.

"Ẹ̀rù ń ba bàbá!" Afinimọ̀nà gbé abọ́ sókè. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín ti gé sìmẹ́ńtì náà jẹ. Ọ̀kan kán sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ò sì tíì gbẹ.

Kò sí màlúù nínú abà náà mọ́. Àwọn nìkan ló wà níbẹ̀.